Gáàsì AC mi ń "tán" ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ibo ló ń gbà lọ?

Àbẹ̀kẹ́_Yàrá3

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa AC àti fíríìjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

AC yàrá mi ò tíì pé ọdún méjì. Láàárín ọdún kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sọ ohun kan náà fún mi: "Mà, gáàsì yín ti tán." Á rọ òmíràn sí i, yàrá á tutù nini. Tó bá máa fi tó oṣù mẹ́ta, atẹ́gùn lásán ló tún ń fẹ́.

Èyí tó ṣe kẹ́yìn, mo dúró tì í. Ó ṣí ìdérí kékeré kan lára àpótí ìta, ó fi ẹnu sukudiráfà tẹ nǹkan nínú rẹ̀, gáàsì sì tú jáde ṣìì, ó funfun bí ìkùukùu. Ó kan ìka rẹ̀, ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, ojú ibẹ̀ ti funfun bíi pé yìnyín bò ó. Ó ní òun fẹ́ tú àjẹkù inú rẹ̀ dànù kí òun tó rọ tuntun. Mo bi í pé ibo ni èyí tó tú jáde yẹn ń lọ. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ lásán ni, mà." Látìgbà náà ni ìdáhùn yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ṣé lóòótọ́ ni gáàsì AC máa ń tán bí epo ọkọ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ lásán sì ni? R-410A ni orúkọ gáàsì tí wọ́n kọ sára tèmi.

Ọ̀gá_Kọ̀ńpírẹ́sọ̀

Ẹ kú àárọ̀, mà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀: gáàsì AC kì í tán. Ó ń jò ni.

Ẹ̀rọ kì í jó gáàsì yẹn bí epo, kì í sì í mu ún. Yíyí ló ń yí. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á gbóná gan-an, á lọ sí àpótí ìta, ibẹ̀ ló ti máa ju ooru rẹ̀ dànù tí á di olómi. Á wá gba ojú ihò tóóró kan kọjá, pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, á sì tutù. Bó ṣe wọ páìpù inú yàrá báyìí, á fa ooru yàrá mọ́ra, á tún padà di oru, ó di ọ̀dọ̀ kọ̀ńpírẹ́sọ̀. Mo ti tú ẹ̀rọ tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rí, gáàsì tí wọ́n rọ sí i ní iléeṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Bí dókítà bá sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ yín dín kù, ẹ ò ní sọ pé kó kàn fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára kó máa lọ. Ẹ máa bi í pé kí ló ń mú un dín kù.

Nínú AC tó jẹ́ ẹ̀ka méjì bíi ti yín, àwọn nọ́ọ̀tì tó so páìpù kọ́pà mọ́ àpótí ìta ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá rí òróró níbẹ̀, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn tó di dúdú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ibẹ̀ ló ń jò. Òróró kọ̀ńpírẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì rìn, ibi tí gáàsì bá yọ́ gbà jáde lòun náà máa ń gbà. Ẹ po ọṣẹ olómi díẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ. Bó bá ń yọ ìfófòó kéékèèké, ẹ ti rí i nìyẹn.

Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe tiyín. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ẹ̀rọ fa gáàsì tó ṣẹ́ kù sínú sílíńdà, kò ní tú u sáfẹ́fẹ́. Á fi náítírójìn gbígbẹ kún páìpù, á sì fi ọṣẹ wá gbogbo ojú ibi tó ń jò. Náítírójìn o! Bí ẹ bá rí ẹni tó gbé ọ́síjìn wá fún iṣẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín. Bí ọ́síjìn bá pàdé òróró kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lábẹ́ pírẹ́ṣọ̀, ó lè bú gbàmù, ó sì ti pa àwọn oníṣẹ́ bíi tiwa. Lẹ́yìn tó bá ti dí ibi tó ń jò, á fi ẹ̀rọ fákúùmù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, á wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Òṣùwọ̀n ni kó lò. Kó má fọwọ́ kan páìpù kó ní "ó ti tutù, ó ti tó."

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi mú ọ̀rọ̀ "afẹ́fẹ́ lásán" yẹn, torí kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán rárá.

Nígbà àtijọ́, amóníà, sulphur dioxide àti methyl chloride ni wọ́n ń rọ sínú fíríìjì. Májèlé ni wọ́n. Bí páìpù bá jò lóru, ó lè pa àwọn tó ń sùn. Ní 1928, Thomas Midgley àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà wá gáàsì tuntun jáde, ìdílé tí wọ́n ń pè ní CFC. Kì í jó, kì í pani, kì í jẹ irin. R-12 inú àwọn fíríìjì àtijọ́ wà lára wọn. Gbogbo ayé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ohun tí wọ́n sì yìn ín fún gan-an ló padà di ìṣòro. Torí pé nǹkan kan kì í tètè bà á jẹ́ nísàlẹ̀ yìí, ó máa ń wà lódindi títí á fi dé òkè réré níbi tí ìpele ósónì wà. Ìtànṣán oòrùn tó le ló máa ń fọ́ ọ níbẹ̀, kiloríìnì inú rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀. Átọ́ọ̀mù kiloríìnì kan ṣoṣo lè ba mólékù ósónì tó tó 100,000 jẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ósónì yẹn ló sì ń bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, tó ń ba ojú jẹ́, tó sì ń pa irúgbìn lára.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Mario Molina àti Sherwood Rowland, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1974. Àwọn oníṣòwò gáàsì ò fẹ́ gbọ́. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọn ojú ọ̀run ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìparí gúúsù ayé, kéde pé ósónì orí ibẹ̀ ń fẹ́lẹ́ gan-an tó bá ti di ìgbà ìrúwé wọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 16 oṣù September 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín àwọn gáàsì tó ń ba ósónì jẹ́ kù. Àdéhùn yẹn máa ń wú mi lórí tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, torí gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló padà wọ inú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ìròyìn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 2022 sọ pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, ósónì á padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí 2040 ní ibi tó pọ̀ jù láyé, ti orí Antarctica á sì tó nǹkan bí 2066.

Lẹ́yìn CFC ni HCFC bíi R-22 dé. Kiloríìnì ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà jẹ́ kéré sí ti R-12. HFC ló wá tẹ̀ lé e: R-134a, R-410A. Àwọn wọ̀nyí ò ní kiloríìnì.

Àbẹ̀kẹ́_Yàrá3

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti lọ wò ó. Nọ́ọ̀tì páìpù tó nípọn nínú méjèèjì ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo pa ọṣẹ sí i. Ó ń yọ ìfófòó díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń mí.

Tíṣà, bí tèmi ò bá ti ní kiloríìnì, ṣé kò ba nǹkan jẹ́ nìyẹn?

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Kò ba ósónì jẹ́. Ooru ni tirẹ̀.

Àwọn gáàsì yìí máa ń dá ooru dúró bí ẹní da aṣọ òtútù bo ayé, wọ́n sì lágbára níbẹ̀ ju carbon dioxide tó ń jáde lẹ́nu èéfín ọkọ̀ lọ fíìfíì. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní GWP, òun ni wọ́n fi ń wọn ooru tí kílò kan gáàsì máa dá dúró láàárín 100 ọdún, tí wọ́n á fi wé ti kílò kan carbon dioxide. Àdéhùn àgbáyé ka R-410A sí 2,088. Ti R-22 jẹ́ 1,810. R-404A tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì ńlá àwọn ilé ìtajà jẹ́ 3,922. R-134a jẹ́ 1,430.

Nítorí náà, bí ìdajì kílò R-410A bá jò kúrò lára AC yín, ó dà bíi pé ẹ tú carbon dioxide tó lé ní kílò 1,000 sáfẹ́fẹ́. Ìyẹn lé ní tọ́ọ̀nù kan, látara páìpù tí kò nípọn ju ìka lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tún fi pàdé ní Kigali, olú ìlú Rwanda, ní oṣù October 2016, tí wọ́n fi HFC kún àdéhùn Montreal. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù.

Délé_R22

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. AC mi ti pẹ́, R-22 ló ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ wá R-22 mọ́, pé gáàsì ìdáná ni kí n ní kí wọ́n rọ sí i, ó ń tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iná tó ń jẹ sì kéré. Ó ní òun ti ṣe tòun.

Ọ̀gá_Kọ̀ńpírẹ́sọ̀

Àbúrò, má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́.

Òótọ́ ni pé ó máa tutù. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe AC tìrẹ fún gáàsì tó ń gbiná. Àwọn ohun tó ń ta iná pẹ́ńpẹ́ wà nínú rẹ̀, láti orí súìṣì dé orí rílè. Bó bá jò ní yàrá tí fèrèsé wà ní títì, gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa dùbúlẹ̀ sí, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bó bá ti tó nǹkan bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná pẹ́ńpẹ́ kan ti tó. Gáàsì ìdáná tún ní òórùn tí wọ́n pò mọ́ ọn, ó lè ní ọ̀rinrin àti ìdọ̀tí, ìyẹn á jẹ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ tán.

Má sì jẹ́ kí wọ́n rọ R-410A sí i náà. Pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ fi nǹkan bíi 60 nínú 100 ju ti R-22 lọ, òróró tí wọ́n ń lò sì yàtọ̀. R-22 ni kó o fi tún un ṣe títí ẹ̀rọ náà á fi lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán, kó o sì rí i pé kò jò. Nígbà tó o bá fẹ́ ra tuntun, ìgbà yẹn ni kó o yan gáàsì tó sàn.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Kí n fi kún ti Ọ̀gá, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a ń bú gáàsì tó ń gbiná. R-290 jẹ́ propane, irú èyí tó máa ń wà nínú gáàsì ìdáná, àmọ́ tí wọ́n ti sẹ́ mọ́, R-600a sì jẹ́ isobutane. Ooru tí wọ́n ń dá dúró ò tó nǹkan, GWP wọn ò ju 3 lọ, wọn ò sì fọwọ́ kan ósónì. Ó ṣeé ṣe kí R-600a wà nínú fíríìjì ilé yín báyìí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é mọ̀ pé òun ló máa wà nínú rẹ̀: gáàsì inú rẹ̀ kì í sábà ju 150 gíráàmù lọ, wọ́n ti bo gbogbo ohun tó lè ta iná, wọ́n sì lẹ àmì iná tó wà nínú igun mẹ́ta mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún un ni kó wà.

Tádé_Oníṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí sọ tèmi. Ohun tí ẹ sọ dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa gáàsì padà, owó ńlá ni. Oníbàárà sì ti ń dúnàádúrà kí n tó ṣí àpótí irinṣẹ́. Bí mo bá lo wákàtí mẹ́ta láti wá ibi tó ń jò, á ní mo ti pẹ́ jù. Ẹni tó rọ gáàsì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa pè lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀gá_Kọ̀ńpírẹ́sọ̀

Tádé, mo mọ ohun tó ò ń sọ, mo ti wà níbẹ̀. Àwa mẹ́rin la kọ́kọ́ dáwó jọ ra ẹyọ kan, a ń gbé e yípo láàárín ara wa. Gáàsì tó bá ti inú ẹ̀rọ kan jáde tó mọ́, inú ẹ̀rọ yẹn náà lò ń dá a padà sí, o ò ní ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun. Láàárín ọdún kan, owó gáàsì tí mi ò rà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo dá.

Fi han oníbàárà pẹ̀lú. Jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ìfófòó ọṣẹ yẹn. Ẹni tó bá ti rí i kì í bá mi jà lórí owó.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè má sọ. Má ra sílíńdà tí o ò mọ orísun rẹ̀ torí pé ó gbọ̀pọ̀. Àwọ̀ ara sílíńdà kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2011, àwọn àpótí ńlá tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó nǹkan tútù bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, ó sì pa òṣìṣẹ́. R-134a ni wọ́n rò pé ó wà nínú wọn. Ayédèrú ni, wọ́n ti da methyl chloride mọ́ ọn. Bí ìyẹn bá ti pàdé alumíníọ́mù nínú ẹ̀rọ, ó ń di ohun tó máa gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan afẹ́fẹ́. Ọmọṣẹ́ tó kàn fẹ́ tú nọ́ọ̀tì ló máa bá a lójú.

Alájọkù_Irin

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ra fíríìjì àti AC tó ti kú, kí n tú u, kí n ta kọ́pà àti kọ̀ńpírẹ́sọ̀ inú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi ayùn gé páìpù, kó hó ṣìì, kó dákẹ́, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́jọ nìyí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo ka ti tọ́ọ̀nù kan yẹn. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ̀.

Ẹ bá oníṣẹ́ kan bíi Tádé ṣe àdéhùn: kó máa wá fa gáàsì inú àwọn tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ogún lọ́jọ́ kan, kí ẹ tó gé ohunkóhun. Gáàsì tó bá fà, ó níye lórí. Ẹ má jẹ́ kó da irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn nínú sílíńdà, torí àdàpọ̀ ò ṣeé lò mọ́, pípa run ló kù fún un.

Ẹ má sì fi iná jó páìpù tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Bí iná bá kan R-22, ó lè di phosgene, májèlé tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́.

Fíríìjì àtijọ́ tún ní òmíràn. Fóòmù inú ògiri rẹ̀, CFC-11 ni wọ́n fi wú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ṣì wà nínú àwọn ihò tíntìntín yẹn. Bí ẹ bá fọ́ fóòmù náà tàbí tí ẹ dáná sun ún, ó ń jáde. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń tú u nínú yàrá tí wọ́n ti pa pinpin. Níbi tí kò bá ti sí, ẹ fi ògiri náà sílẹ̀ lódindi. Gáàsì yìí ò ṣeé fojú kéré: ní 2018 làwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé CFC-11 ojú ọ̀run ò dín kù bó ṣe yẹ mọ́ láti 2012. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé ìlà oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Tádé_Oníṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Alájọkù, mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Délé_R22

Tí mo bá fẹ́ ra tuntun wá ńkọ́? Èwo ni kí n wò?

Ọ̀gá_Kọ̀ńpírẹ́sọ̀

R-32 ti pọ̀ lọ́jà báyìí. GWP rẹ̀ jẹ́ 675, ìyẹn ò tó ìdá mẹ́ta ti R-410A, gáàsì tó ń gbà sì kéré sí i. Ó lè gbiná, ṣùgbọ́n kì í yára. Bí o bá rí èyí tó ń lo R-290 tó bá yàrá rẹ mu, tó o sì ní oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, èmi á mú un ṣáájú. Kò sí èyí tí kò ní wàhálà tirẹ̀. Amóníà ò mú ayé gbóná rárá, àmọ́ májèlé ni, iléeṣẹ́ ńlá ló bá mu. R-1234yf inú ọkọ̀ tuntun náà, bó bá ti fọ́ nínú afẹ́fẹ́, ó ń di ásíìdì kan tí kì í tètè kúrò nínú omi.

Wo iye iná tó ń jẹ pẹ̀lú, ìyẹn náà ń tú carbon dioxide sáfẹ́fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jó epo láti fi ṣe iná. Máa fọ àsẹ́ inú rẹ̀ lóṣooṣù, kó o sì máa gbá eruku kúrò lẹ́yìn àpótí ìta. AC tí eruku bò máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹní di ẹrù lé lórí.

Àbẹ̀kẹ́_Yàrá3

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jíṣẹ́. Mo wá oníṣẹ́ mìíràn. Mo ka ohun tí Ọ̀gá kọ sí etí ìgbọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò bínú, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ó fa gáàsì tó wà nínú rẹ̀ sínú sílíńdà, ó gbé e ka òṣùwọ̀n: 520 gíráàmù. Èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ jẹ́ 980. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi: 460 gíráàmù tó jò yẹn tó 960 kílò carbon dioxide. Ti ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan nìyẹn, mi ò tíì ka àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó tú nọ́ọ̀tì náà, ó fi ẹnu páìpù kọ́pà hàn mí. Ó ti sán, ìlà kan tín-ín-rín bí irun orí. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ni wọ́n ti fún un jù. Ó gé ẹnu náà, ó ṣe òmíràn, ó fi náítírójìn dán an wò fún odidi wákàtí kan, géèjì ò mì. Fákúùmù ló tẹ̀ lé e, ó wá wọn 980 sí i.

Ọ̀gá_Kọ̀ńpírẹ́sọ̀

Mà, ẹ kú oríire. Ẹ fi tẹmómítà kékeré sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé sínú AC, kí ẹ tún fi sí ibi tó ti ń fẹ́ jáde, lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàtọ̀ wọn yẹ kó wà láàárín digiri 8 sí 12. Ẹ kọ ti òní sílẹ̀. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ tún wò ó, kí ẹ wá sọ fún wa níbí.